KÍ A TÓ ṢÍ ILẸ̀KÙN FÚN ỌMỌ: Ohun Tí Johannesburg Kọ́ Wa Nípa Ìmúrasílẹ̀ fún Yunifásítì

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé wa, ṣùgbọ́n bí a bá fi wo ìṣe wa lórí ọ̀ràn àwọn ọmọ tí ń lọ sí Yunifásítì, a ó rí i pé ẹnu lásán ni a fi ń pa á. Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá bá ti jáde, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ yóò péjọ, alága yóò sọ̀rọ̀, kábíyèsí yóò gbàdúrà, a ó sì pe ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó gbégbá orókè jáde kí á fún wọn ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. A ó pàtẹ́wọ́, a ó ya àwòrán, a ó sì túká. Ẹ̀bùn náà dára, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wẹ odò kọjá ni à ń fún ní ọkọ̀. Àwọn tí ó dúró sí bèbè ńkọ́, àwọn tí ìbá gúnlẹ̀ bí ẹnì kan bá ti kọ́ wọn ní ìwẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 14?

Ìbéèrè yìí ni ó mú wa gbé ojú lọ sí Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà. Ohun méjì ni ó jẹ́ kí á yan ìlú náà. Èkínní ni pé ó ṣòro láti rí ibòmíràn tí ìjọba ti fi òfin ti ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ gíga mọ́ ọmọ ènìyàn dúdú ní gbangba, láìtijú. Èkejì ni pé láti ìgbà tí ilẹ̀kùn náà ti ṣí, àwọn ará ìlú náà ti rí i pé ọ̀tọ̀ ni kí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ lè rìn wọlé. Ohun tí wọ́n ti ṣe sí i, àti ibi tí ó kù sí, ni a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin aṣáájú ìlú bá wa yẹ̀ wò.

ÌLÚ WÚRÀ

Wúrà ni ó bí Johannesburg. Ní ọdún 1886 ni a rí i níbẹ̀, àwọn Súlú sì ń pe ìlú náà ní eGoli, èyí tí í ṣe ibi wúrà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakùsà ni ó dàgbà di Yunifásítì Witwatersrand ní ọdún 1922, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Wits. Wúrà ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń ṣà lórí ilẹ̀. Inú àpáta ni ó fara pamọ́ sí, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Odidi tọ́ọ̀nù òkúta ni wọ́n ń fọ́ kí wọ́n tó rí wúrà tí kò kún ṣíbí. Òkúta tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti yọ wúrà inú rẹ̀ ni wọ́n kó jọ di òkìtì yanrìn pupa rúsúrúsú ní etí ìlú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òkìtì náà sọ́kàn. A ó padà sí i.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ KAN NÍ ROSETTENVILLE

Kí òfin ìtìlẹ̀kùn tó dé, ọ̀nà tóóró kan wà. Ní Rosettenville, ní ìhà gúúsù Johannesburg, àwọn àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà kan ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ Saint Peter, tí àwọn ọmọ ènìyàn dúdú ti ń kà á dé ìdánwò àṣejáde. Ibẹ̀ ni Oliver Tambo, ọmọ ilẹ̀ Pondo, ti kàwé. Ní òpin ọdún 1938 ó yege ní ipò kìn-ín-ní. Bhunga, èyí tí í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn ará Transkei níbi tí ó ti wá, sì fún un ní owó ìrànwọ́ láti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fort Hare. Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Tambo gba oyè nínú ìṣirò àti físíìsì, nígbà tí ó sì di ọdún 1943 ó padà sí Saint Peter gan-an, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èyí jẹ́ kí ó tó di agbẹjọ́rò ní Johannesburg, kí ó tó di olórí ẹgbẹ́ ANC ní ìgbèkùn. Owó tí àwọn ará ilé ná lé ọmọ kan lórí kò dúró sára ọmọ kan. Ó dé ara gbogbo kíláàsì tí ọmọ náà dúró níwájú rẹ̀.

Ẹlòmíràn tí ó kàwé níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ezekiel Mphahlele, tí ó wá ń jẹ́ Es'kia nígbẹ̀yìn, jẹ́ olùkọ́ ní Orlando, ní àdúgbò tí a mọ̀ sí Soweto lónìí. Nígbà tí ó tako ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba fẹ́ gbé dé, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1952, wọ́n sì dí ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ ọn. Ní ọdún 1957 ó dé ọ̀dọ̀ wa. CMS Grammar School ní Èkó gbà á. Lẹ́yìn náà ó kọ́ni lábẹ́ University College ní Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní ìlú náà ní ọdún 1961. Olùkọ́ tí Johannesburg sọ nù ni àwọn ọmọ Èkó àti Ìbàdàn rí he.

ÒFIN TÍ Ó TI ILẸ̀KÙN

Ní ọdún 1953 ni òfin tí wọ́n pè ní Òfin Ẹ̀kọ́ fún àwọn Bantu jáde. Hendrik Verwoerd, tí í ṣe mínísítà fún ọ̀ràn àwọn ọmọ onílẹ̀ nígbà náà, kò fi ète rẹ̀ pamọ́. Lójú rẹ̀, kò sí àǹfààní nínú kí á kọ́ ọmọ ènìyàn dúdú ní ìmọ̀ tí yóò mú un retí ipò tí ìjọba kò ní jẹ́ kí ó dé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé èrò yìí yẹ̀ wò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà kò ní ọpọlọ ni, kí ni ìjọba ń fi òfin ṣe? Nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ó lè dé ibẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ dí ọ̀nà láti kíláàsì kìn-ín-ní.

Àwọn àlùfáà Rosettenville kò gbà kí á fi wọ́n ṣe irinṣẹ́ òfin yìí. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn pa ní ọdún 1956. Ní ọdún 1959 òfin mìíràn dé, èyí tí ó dí Wits àti Yunifásítì Cape Town mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, àfi ẹni tí mínísítà bá fún ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ fún ní ìgbèríko, kí wọ́n má baà pàdé ara wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ òfin náà ni Òfin Ìmúgbòòrò Ẹ̀kọ́ Yunifásítì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì pè é ní ìmúgbòòrò!

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1959 yìí kan náà ni àwọn olóòótọ́ ènìyàn kan, funfun àti dúdú, dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí SACHED sílẹ̀ ní Johannesburg. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ múra àwọn tí a tì sóde sílẹ̀ fún ìdánwò, títí kan ti Yunifásítì London. Ní ọdún 1977 wọ́n tilẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ wọ inú ìwé ìròyìn Weekend World, wọ́n pè é ní People's College, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá lè ra ìwé ìròyìn ti ra ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ìjọba fi òfin de ìwé ìròyìn náà.

Àárín àkókò yìí ni ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1976 bọ́ sí, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Soweto jáde láti sọ pé àwọn kò fẹ́ kí á fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, tí àwọn ọlọ́pàá sì yìnbọn pa wọ́n. Nàìjíríà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún náà, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ará gúúsù Áfíríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá owó sí i láti inú owó oṣù wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì dá tiwọn. Nínú àwọn ọmọ tí ó sá kúrò nílé, àwọn kan wá parí ẹ̀kọ́ wọn láàárín wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀ràn ilé onílé ni a dá sí.

ILẸ̀KÙN ṢÍ, ẸSẸ̀ KÒ YÁ

Ní ọdún 1994 ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wó. Kò sí òfin tí ó dí Wits mọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn? Rárá o. Owó ni ó kọ́kọ́ dìde bí ògiri. Ní ọdún 1999 ìjọba fi òfin gbé àjọ tí ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìrànwọ́ kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NSFAS. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, nígbà tí Wits fẹ́ fi ìdá 10.5 nínú 100 lé owó ilé-ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì náà pa, ìjà náà sì ràn káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017 Ààrẹ Jacob Zuma kéde pé ọmọ tí owó ilé rẹ̀ kò bá ju ráńdì 350,000 lọ́dún kan yóò máa kàwé gíga lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ògiri mìíràn wà lẹ́yìn ti owó, kò sì sí ẹni tí ń rí i àfi olùkọ́. Láti ọdún 2006, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ó bá fẹ́ wọ kíláàsì kẹwàá gbọ́dọ̀ yan irú ìṣirò tí yóò ṣe: yálà ìṣirò gidi, tàbí èyí tí ó rọrùn, tí a fi ń kọ́ni bí a ti ń ṣírò owó oṣù, owó iná àti àwòrán ilẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni ẹni tí ń yan èyí. Bí ó bá yan èyí tí ó rọrùn, tàbí bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá ní olùkọ́ ìṣirò tí ó pójú owó, ọ̀nà iṣẹ́ dókítà àti ti ẹnjiníà ti dí mọ́ ọn nígbà náà, ọdún mẹ́ta gbáko kí ó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù Yunifásítì. Sikọ́láṣíìpù wo ni yóò wá tú u sílẹ̀?

Kí á má sì rò pé Johannesburg nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó ti ṣe ìdánwò JAMB tán, tí ó gba máàkì tí ó wuyì, kí wọ́n tó sọ fún un pé iṣẹ́ mẹ́rin tí ó yàn kò bá ohun tí ó fẹ́ lọ kà mu? Kò sí ẹni tí ó jókòó tì í nígbà tí ó ń wọ ọdún kìn-ín-ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà láti ṣàlàyé fún un.

Àwa pẹ̀lú lè jẹ́rìí sí ògiri yìí. Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga lókè òkun, owó wà lọ́wọ́ wa, ìwé-ẹ̀rí wà nínú àpò wa. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé olùkọ́ ń retí kí á ta ko òun. A ti tọ́ wa dàgbà láti má ṣe já àgbà ní koro, nítorí náà a jókòó jẹ́ẹ́ ní ìparí gbogbo ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wa pé a kò ní èrò tiwa. Ọdún kan gbáko ni ó gbà wá kí á tó mọ̀ pé ènìyàn lè tako ọ̀rọ̀ láìṣàfojúdi sí ẹni tí ó sọ ọ́. Bí olùkọ́ kan bá ti kọ́ wa ní èyí nílé, ọdún náà kì bá má ṣòfò.

ÀWỌN TÍ Ń MÚRA ỌMỌ SÍLẸ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó mú wá láti Johannesburg àti agbègbè rẹ̀, kí ẹ lè fi wọ́n wé ara wọn.

Èkínní ni ti obìnrin Amẹ́ríkà nì, Oprah Winfrey. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007 ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọbìnrin tálákà ní Henley on Klip, ní gúúsù Johannesburg. Mílíọ̀nù 40 dọ́là ni ó ná sí i, ọmọbìnrin 152 ni ó sì kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n mú ọmọ kúrò ní ibi tí ó wà pátápátá. Wọ́n fún un ní ibùsùn, ìwé, oúnjẹ àti olùkọ́ títí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde.

Èkejì ni African Leadership Academy, tí ó wà ní Honeydew, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn àríwá ìlú náà. Fred Swaniker, ọmọ Gánà tí ìyá rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Botswana, ni ó pilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ọdún 2008 ni ó gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo Áfíríkà ni wọ́n ti ń wá ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 16 sí 19, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò, bí ó ti rí nígbà tí àwọn bàbá wa ń ka Higher School ní King's College tàbí ní Government College Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni William Kamkwamba ti kàwé, ọmọ Màláwì tí ó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ìyàn nítorí pé kò sí owó, tí ó sì fi ohun tí ó rí nínú ìwé ilé-ìkàwé kan kọ́ ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí ó sì ń fún ilé bàbá rẹ̀ ní iná. Ọgbọ́n ti wà lórí ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ ni ó gbé e dé Dartmouth ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti gba oyè ní ọdún 2014. Ètò ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan sì tún wù wá: owó tí wọ́n ná lórí ọmọ jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀, wọn yóò sì fa igi lé gbèsè náà bí ó bá padà wá fi ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà.

Ẹ̀kẹta ni ti Wits fúnra rẹ̀, òun sì ni kò lórúkọ tó àwọn méjì ìṣáájú. Láti ọdún 2007 ni Yunifásítì náà ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Targeting Talent. Láti kíláàsì kẹwàá ni wọ́n ti ń wá ọmọ tí ó mọ̀wé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko àti ti àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Wọn kò yọ ọ́ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà ìsinmi ni ó ń wá sí Wits, tí yóò sùn ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, tí yóò ṣe ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọn yóò sì ṣàlàyé fún un bí a ti ń yan iṣẹ́ àti bí a ti ń wá owó ìrànwọ́. Nígbà tí ìsinmi bá parí, yóò padà sílé. Ọdún mẹ́ta ni wọn yóò fi ṣe èyí, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ tí ó bá wọ Yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kò ní wọ̀ ọ́ bí àlejò.

ÒKÌTÌ YANRÌN

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí òkìtì tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ Henley on Klip ṣí, àwọn kan bèèrè pé ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ni a kì bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ tún ṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Ìbéèrè náà kò burú. Bí a bá ń fi ojú awakùsà wo àwọn ọmọ, a ó yọ wúrà, a ó sì da ìyókù sí ẹ̀bá ìlú. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kì í ṣe òkúta. Kò sí òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn ọmọ ọdún 14 kí á sì búra pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Nínú wa, àwọn wà tí ó yíra padà ní ọdún tí ó kẹ́yìn, tí a sì ti kà mọ́ àwọn tí kò lè mọ̀wé.

Síbẹ̀, a kò lè tìtorí pé a kò lè gbé gbogbo ọmọ kí á má gbé ẹnì kan. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á yan ọ̀nà tí ọmọ tí a gbé yóò fi gbé ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ètò Wits fi wù wá ju àwọn yòókù lọ. Ọmọ tí ó lo ìsinmi ní Yunifásítì tí ó sì padà sí kíláàsì rẹ̀ ní ìgbèríko, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bi í léèrè ohun tí ó rí. Wọn yóò da ìwé rẹ̀ kọ. Wọn yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀run. Ohun tí Tambo ṣe fún Saint Peter lẹ́yìn oyè rẹ̀, ọmọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ó tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama.

KÍ NI ÀWA YÓÒ ṢE?

Ilẹ̀ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ kọ́ ìfẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà pàápàá, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ti ń dá owó jọ láti rán ọmọ lọ kàwé. Ní ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé owó àyálò kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ̀nyí ń ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ta ni ń mú ọmọ rìn dé ẹnu rẹ̀?

Àbá wa kò le. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín owó ìrànwọ́ rẹ̀ sí méjì: kí apá kan jẹ́ ti ẹni tí ó ti yege, bí a ti ń ṣe é, kí apá kejì jẹ́ ti ọmọ tí ó kù ọdún mẹ́ta kí ó tó ṣe ìdánwò. Àwọn ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Àkókà kì í kún nígbà ìsinmi gígùn. Kí a bẹ àwọn aláṣẹ Yunifásítì kí wọ́n yá wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ìlú tí ń ka ìwé oyè níbẹ̀ lè kọ́ àwọn àbúrò wọn, kí èyí sì jẹ́ ọ̀nà tí wọn yóò fi san díẹ̀ nínú ohun tí ìlú ná lé wọn lórí. Kí a má sì fi èsì ìdánwò nìkan yan àwọn ọmọ náà. Kí a bi olùkọ́ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ fàbọ̀ sí. Kí ìjọba tó mọ̀, kí bàbá ọmọ pàápàá tó mọ̀, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń rí ọmọ tí ń béèrè ìdí tí ìṣirò fi rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ìdáhùn sílẹ̀. Verwoerd mọ agbára tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́, òun ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ìtìlẹ̀kùn rẹ̀ láti inú kíláàsì. Bí sáà ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀ bá ti wọlé, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ọmọ méjì sílẹ̀, kí ó pe òbí wọn, kí ó jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń yan iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe, kí ó sì gbé orúkọ náà lọ bá ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Bí wọn kò bá tilẹ̀ rí owó fún wọn lọ́dún yìí, ẹnì kan ti mọ orúkọ wọn.